Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀? Òfin ilẹ̀ oko tuntun ní Amẹ́ríkà àti àwọn ìdílé àgbẹ̀ tó ti rí irú rẹ̀ rí

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni òfin SB 17 ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Texas. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí ibùgbé rẹ̀ bá wà ní Ṣáínà, Rọ́ṣíà, Ìráànì tàbí Àríwá Kòríà kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ oko, ilẹ̀ ilé tàbí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Yíyá ilẹ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀: àdéhùn tí kò tó ọdún kan nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹni tó rú òfin náà, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ yóò sì yan ẹni tí yóò gba ilẹ̀ náà sábẹ́ àkóso tí yóò tà á. Ti Florida, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà pátápátá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 kan náà, Arkansas pàṣẹ pé kí Syngenta, ilé iṣẹ́ irúgbìn tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, ta ilẹ̀ éékà 160 tó ní níbẹ̀.

Nàìjíríà kò sí nínú mẹ́rin ti Texas, kò sì sí nínú orílẹ̀-èdè méje tí Florida kà (Kúbà wà níbẹ̀). Òfin Texas kò sì kan ẹni tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí lọ. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Houston pẹ̀lú ará Ṣáínà tàbí ará Ìráànì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó mọ ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù, kó tó fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà ra ilẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ "ibùgbé" yìí gan-an ni àríyànjiyàn wà. Òṣìṣẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́wàá gbé Dallas lórí físà, níbo la ó pè ní ilé rẹ̀?

Báwo ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pariwo ṣe pọ̀ tó? Láti 1978 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí àjèjì tó bá ra ilẹ̀ oko fi tó ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn létí. Ní òpin 2022, ilẹ̀ oko àti igbó tó wà lọ́wọ́ àjèjì ju mílíọ̀nù 43 éékà lọ, ìyẹn nǹkan bí 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ oko tó jẹ́ ti aládàáni. Àwọn ará Kánádà ló ni bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ti Ṣáínà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà lọ́wọ́ àjèjì. Ìbẹ̀rù nípa ilẹ̀ tó sún mọ́ bárékè ológun kì í ṣe àsọdùn lásán, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí wọ́n fi òfin kan náà de ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí éékà márùn-ún. Àwọn ìdílé àgbẹ̀ ará Jàpáànì ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni ìtàn wọn lè fi ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń ṣe hàn wá, torí pé ó kọjá lórí bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn.

Ní 1913 ni California ṣe òfin ilẹ̀ àjèjì tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n: kò dárúkọ Jàpáànì rárá. Ó ní "àjèjì tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ ìlú" kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ oko. Ta wá ni kò lẹ́tọ̀ọ́? Òfin ọdún 1790 ti ní aláwọ̀ funfun nìkan ló lè di ọmọ ìlú. Ní 1870, lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú, wọ́n fi àwọn tí a bí ní Áfíríkà àti ìran wọn kún un. Wọn kò fi ará Éṣíà kún un. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ará Abẹ́òkúta tó bá gúnlẹ̀ sí California ní 1913 lè ra oko lábẹ́ òfin yẹn, ará Jàpáànì tó ti fi ogún ọdún roko níbẹ̀ kò lè rà á. Takao Ozawa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ó ti lọ sí yunifásítì Berkeley, ó ti lé lógún ọdún ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ nílé rẹ̀. Ní 1922, wọ́n ní kò ṣeé ṣe.

Òfin 1913 ṣì gbà kí wọ́n yá ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta yẹn ló pinnu ohun tí wọ́n ń gbìn. Ẹni tó mọ̀ pé ọdún kẹta lòun ó kẹ́rù kò ní gbin igi eléso. Sitirọ́bẹ́rì ló bá a mu jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń gbìn ín, poro kan sí èkejì tó bí mítà kan, ẹsẹ̀ kan sí èkejì tó bí ìdajì mítà. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo òdòdó tó bá yọ ni wọ́n ń já dànù, kí agbára rẹ̀ lè lọ sí gbòǹgbò àti sí àwọn ìtàkùn tó ń nà tí yóò kún poro. Ẹni tí ojú ń kán, tó jẹ́ kó so lọ́dún àkọ́kọ́, á rí owó péréte, ọdún kejì rẹ̀ á sì bàjẹ́. Àárín poro ni wọ́n ń gbin ewébẹ̀ àti ẹ̀wà sí kí ebi má baà pa wọ́n. Ọdún kejì àti ìkẹta ni owó ń wọlé, lóṣù kẹfà. Lọ́dún kẹrin, àrùn inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ verticillium, kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò àti èpò á ti bo oko, wọ́n á tú u dànù. Ilẹ̀ tí tòmátì, ọ̀dùnkún, ata tàbí ìgbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ kò dára fún un, nítorí àrùn kan náà ló ń bá gbogbo wọn jà. Ìdí nìyẹn tí àyálégbé fi ń wá ilẹ̀ tuntun léraléra. Onílẹ̀ ló ń jèrè: á gba ìṣákọ́lẹ̀ ọdún mẹ́ta, á sì tún gba ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán, tí wọ́n ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ti la ojú omi sí.

Ní 1920 California dí ihò yẹn náà. Kò sí yíyá mọ́, kò sí ìpín nínú ilé iṣẹ́ tó ní ilẹ̀ mọ́. Ní 1923 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní pínpín irè oko pẹ̀lú onílẹ̀ pàápàá kò bá òfin mu. Ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí Seattle wà, ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 1921. Ọ̀nà kan ló ṣẹ́ kù: ọmọ. Ọmọ tí a bá bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, bó ti wù kí bàbá rẹ̀ jẹ́ àjèjì. Bàbá á san owó, orúkọ ọmọ á wọ ìwé ilẹ̀, ilé ẹjọ́ á sì yan bàbá ṣe alágbàtọ́. Òfin 1920 fẹ́ ká ìyẹn náà lọ́wọ́ kò, àmọ́ ilé ẹjọ́ California fagi lé apá yẹn ní 1922. Ewu tó kù pọ̀ ṣáá. Alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ ìròyìn nípa ilẹ̀ náà fún kóòtù lọ́dọọdún; ọ̀pọ̀ bàbá tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ kò kọ ọ́. Òfin sì ní bí àjèjì bá san owó ilẹ̀ tí orúkọ ẹlòmíì wọ ìwé, kí adájọ́ gbà pé ó fẹ́ dọ́gbọ́n sófin ni, àfi bó bá rí ẹ̀rí gbe ara rẹ̀.

Báyìí ni oko ìdílé Suyematsu ṣe bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Bainbridge, létí Seattle. Ní 1928 ni wọ́n ra éékà 40, orúkọ Akio, àkọ́bí wọn ọkùnrin, ọmọdé, ló wọ ìwé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gé gẹdú rẹ̀ ni irú ilẹ̀ tí aṣíkiri lè rà, kùkùté ló kún inú rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ihò sábẹ́ kùkùté, wọ́n á ki dàínámáìtì bọ̀ ọ́, ẹṣin á wá fa èyí tó bá fọ́ jáde. Sitirọ́bẹ́rì tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, Marshall, dùn ṣùgbọ́n ó rọ̀ púpọ̀: bí wọ́n bá ká a láàárọ̀, kò yẹ kó sùn kó tó dé ilé ìṣesọ tàbí ọjà.

Ọjà yẹn jẹ́ ìdajì ìtàn náà. Ìgbà yẹn, alágbàtà tó ń ta ọjà bá àgbẹ̀ lórí àdéhùn ló ń gbé irè oko lọ; á tà á, á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, owó ọkọ̀, owó èyí tó bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá rántí àgbẹ̀. Nígbà míì, gbèsè ló máa ń kọ ránṣẹ́. Ọjà Pike Place ní Seattle, tó ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1907, ni wọ́n dá sílẹ̀ kí àgbẹ̀ àti ará ìlú lè pàdé láìsí alágbàtà láàárín. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, àwọn ará Jàpáànì ló wà lẹ́yìn èyí tó ju ìdajì ìsọ̀ àwọn àgbẹ̀ lọ. Ní Los Angeles, ọjà City Market tó ṣí ní 1909 tilẹ̀ ní ará Jàpáànì àti ará Ṣáínà lára àwọn tó ni ín. Ìsọ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tí ìwé ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀: owó ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, oníbàárà sì mọ ojú ẹni tó gbin ohun tó rà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 9066. Nǹkan bí 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Jàpáànì ni wọ́n kó lọ sí àgọ́, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Bainbridge ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ni àṣẹ jáde. Ní ọjọ́ 30, ènìyàn 227 ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ mẹ́fà péré. Ẹ fi oṣù wé e: oṣù kẹfà ni sitirọ́bẹ́rì ń pọ́n. Owó ọdún kan, ajílẹ̀, gbèsè irúgbìn, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ tán. Ìjọba sì ti kìlọ̀ pé àgbẹ̀ tó bá fi oko rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú kó tó di ọjọ́ ìlọ, wọ́n lè kà á sí ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ nígbà ogun. Wọ́n ń roko tí wọn kò ní kórè.

Ẹni tó bá tà, owó tí olùrà bá dá ló gbà. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò tí ìjọba Gáná fún ní ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969 mọ irú ọjà yẹn. Ẹni tí kò tà fún aládùúgbò ní ìwé àṣẹ láti ṣojú òun, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oko ti sọnù. Ìwé àṣẹ tí kò sọ iye ìgbà tó máa ṣiṣẹ́, tí kò sì yọ títa ilẹ̀ kúrò, fún aṣojú lágbára láti tà á pátápátá. Aṣojú lè kó irè oko tà, kó má san owó orí ilẹ̀; bí owó orí bá wọlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ á gbé ilẹ̀ tà. Bó bá san owó orí tí kò san gbèsè báńkì, báńkì á gbà á. Tíràkítọ̀ àti páìpù omi tí wọ́n tì mọ́ abà, olè ti jí wọn kí ogun tó parí.

Oko tó yè, ènìyàn kan tó ṣe ohun tó sọ ló wà nídìí rẹ̀. Ní Bainbridge, àwọn òṣìṣẹ́ oko ará Filipíìnì tọ́jú oko fún àwọn ìdílé kan. Ní Florin, nítòsí Sacramento, Bob Fletcher, tó ń ṣàyẹ̀wò oko fún ìjọba ìpínlẹ̀, fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti bójú tó éékà 90 àjàrà fún ìdílé mẹ́ta. Wọ́n ní kó kó gbogbo èrè, ó ní ìdajì tó òun. Ó san owó orí àti gbèsè ilẹ̀ wọn lásìkò, inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ oko ló sùn, kì í ṣe ilé àwọn tó ni oko, ẹnì kan sì yìnbọn sí abà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nítorí ó ń ṣe ti "ọ̀tá". Nígbà tí wọ́n dé ní 1945, oko wà, owó wà ní báńkì. Ó kú ní 2013, ẹni ọdún 101. Igbó ni ìdílé Suyematsu bá ní tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ igbó. Lẹ́yìn náà Akio bọ́ sórí raspberry, elégédé àti igi Kérésìmesì, títí tó fi kú ní 2012.

Ìdílé Oyama ní Chula Vista, nítòsí San Diego, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ dán wò ní kóòtù. Ní 1934 Kajiro Oyama ra éékà mẹ́fà ní orúkọ Fred, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní 1937 ó fi méjì kún un. Ní 1944, tí òfin ogun kò jẹ́ kí ìdílé náà tẹ California, ìpínlẹ̀ náà pe ẹjọ́ láti gba ilẹ̀ ọ̀hún. Ẹ̀rí ìjọba? Bàbá ló san owó, kò sì kọ ìròyìn alágbàtọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1948, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tọ́: ọmọ Amẹ́ríkà ni Fred, kò sì sí ọmọ Amẹ́ríkà míì tí wọ́n ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ta á lọ́rẹ ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ California pa òfin náà ní 1952, àwọn olùdìbò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ní 1956. Washington kò yọ tirẹ̀ títí di 1966. Ní ti owó gbà-má-bínú fún ohun tí wọ́n pàdánù, òfin 1948 san bí mílíọ̀nù 37 dọ́là fún ohun tí wọ́n béèrè mílíọ̀nù 148 fún. Ní 1988 ìjọba tọrọ àforíjì, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láyé ní 20,000 dọ́là. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni oko ti kú.

Ìdílé Chino wà lára àwọn tó padà sẹ́nu oko. Àgọ́ Poston ní aṣálẹ̀ Arizona ni wọ́n kó wọn lọ. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ Rancho Santa Fe, nítòsí San Diego. Òkìkí wọn wá láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà létí oko, níbi tí alásè bíi Alice Waters ti ń ra ọjà. Àgbàdo dídùn ló fi iṣẹ́ náà hàn jù. Ṣúgà inú rẹ̀ ń di sítáàṣì láti wákàtí tí a bá ti ya á, oòrùn sì ń mú kó yá. Àgbàdo àná kò lè bá tòní du adùn. Kí tòní lè máa wà lójoojúmọ́, a kì í gbin gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan: bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti yọ ewé mẹ́ta, a gbin òmíràn. Poro mẹ́rin kúkúrú tó sún mọ́ra sàn ju ẹyọ poro gígùn kan, nítorí atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀. Bí kò bá dé gbogbo irùkẹ̀rẹ̀, orí àgbàdo á yọ eyín. Bí irú méjì bá wà lóko, ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 75, tàbí kí òdòdó wọn fi ọ̀sẹ̀ méjì ya ara wọn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àgbàdo dídùn á le bí àgbàdo ẹran. Sitirọ́bẹ́rì ilẹ̀ Faransé, Mara des Bois, tí wọ́n tún ń tà, kò lè rìnrìn àjò. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá alágbàtà mu rárá.

Lónìí òfin kọ́ ló ń lé ìran kẹta kúrò lórí ilẹ̀, bí kò ṣe iye tí ilẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣírò ó. Éékà 40 létí ìlú ńlá: gẹ́gẹ́ bí oko, éékà kan 20,000 dọ́là, gẹ́gẹ́ bí ibi ilé kíkọ́, 100,000. Ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan ló ń roko. Àpapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan mílíọ̀nù kan. Ẹ̀fọ́ kò lè san mílíọ̀nù mẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí wọ́n ta ẹ̀tọ́ ilé kíkọ́ nìkan fún ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ tó ń dáàbò bo ilẹ̀: 80,000 lórí éékà kan, mílíọ̀nù 3.2. Àwọn mẹ́ta á pín in, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ á mú ilẹ̀ tí kò ní tà ju 800,000 lọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí láéláé. King County, níbi tí Seattle wà, dìbò ní 1979 láti yá mílíọ̀nù 50 dọ́là fún irú rẹ̀. California ní òfin 1965 tó ń gba owó orí lórí iye oko dípò iye ibi ilé, bí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé ó kéré tán ọdún mẹ́wàá òun kò ní fi ṣe nǹkan míì. Ní Bainbridge, ìlú fúnra rẹ̀ ló ra apá kan oko Suyematsu, àwọn àgbẹ̀ míì sì ń yá a.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ Pike Place báyìí, púpọ̀ nínú wọn Hmong ni, tí ogun lé kúrò ní Láósì, tí wọ́n sì wọ ọjà náà ní àwọn ọdún 1980. Òdòdó ni wọ́n ń tà jù. Láàárọ̀ ọjà, wọ́n ń pe orúkọ, ẹni tó ti pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ yan ìsọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ilẹ̀, ṣe ni wọ́n ń yá a ní àfonífojì tí omi máa ń bò. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń gbìn: dahlia pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń ta iṣu sábẹ́ ilẹ̀. Nígbà ìwọ́wé, wọ́n á wú iṣu náà, wọ́n á kó o sínú páálí. Bí onílẹ̀ bá ní ó tó, oko wọn wà nínú ọkọ̀.

Ẹni tí SB 17 kàn ní Texas, tó ní àdéhùn oṣù mọ́kànlá, lè gbin ilá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀gúsí, kó sì kórè wọn kó tó jáde. Texas lókìkí fún èso píìsì (peach), èyí tí wọ́n ń pàtẹ létí ọ̀nà Fredericksburg ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Igi píìsì tí a bá gbìn lónìí, ọdún kẹta sí ìkẹrin ni èso rẹ̀ tó kún àtẹ.